Ta Ló Kù Níta? Ìgbésí Ayé Ìyá Ìjọ Jayéọlá Àjọkẹ́ Gbọ́lágadé (1948–2026)

Ilé Aláró ní Ìkìrun ni a bí Màmá wa sí ní ọdún 1948. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń rẹ aṣọ ní aró. Àwọn ni àkọ́bí, nítorí náà wọ́n ti ń ka orí àwọn àbúrò kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ láìbéèrè pé, “Ta ló kù níta?” Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ wọn dàgbà.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ìkìrun. Ní 1971 wọ́n fẹ́ Olóògbé Ernest Gbọ́lágadé, awakọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì bá ọkọ wọn wá sí Èkó. Bàtà ọmọdé ni Màmá ń tà ní ọjà Agboju. Bí bàtà bá fún ọmọ lẹ́sẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rà á. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi là, ṣùgbọ́n oníbàárà wọn kò yẹsẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, omi òjò gba ojú ọ̀nà Festac ní ọjọ́ tí ìrọbí mú wọn. Ọkọ̀ kò lè dé ilé ìwòsàn. Àwọn aládùúgbò kóra jọ sí pálọ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Alhaja Rùkáyátù tí ilé wọn kọjú sí tiwa ló di Màmá mú lẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣe àmín kíkankíkan. A bí Tolú láyọ̀. Àwọn tó gbàdúrà padà wá dúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọn kò sì dẹ́kun wíwá mọ́. Bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1986, Alàgbà Enoch Ògúndípẹ̀, tó wá di olórí ìjọ, sọ ọ́ ní Ìjọ Orísun Ìtùnú. Nígbà tó yá, ìjọ kọ́ ilé ìjọsìn sí Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Bàbá wa sinmi ní 2003.

Ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìjọ ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ará pálọ̀, àwọn tó gbàdúrà lọ́jọ́ ìrọbí, sọ pé 1985 ni kí wọ́n kọ sára ògiri bí ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn sọ pé ìjọ tí kò lórúkọ kì í ṣe ìjọ, 1986 ni. Ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá: àwọn ará pálọ̀ kó lọ sí Mazamaza, Tolú sì bá wọn lọ, nítorí ọjọ́ ìbí tirẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Màmá dúró. Wọ́n ní àwọn kò lè torí èéfín sá kúrò nílé ìdáná. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tolú á gbé Màmá dé ẹnu géètì ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, á bá wọn mú Bíbélì sọ̀ kalẹ̀, á sì yí mọ́tò sí ọ̀nà Mazamaza. Kò wọlé rí. Ó dun Màmá wọra. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kí ó má mú àwọn lọ kí ìjọ tó tún jókòó pọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, bí ayẹyẹ ogójì ọdún ṣe ń sún mọ́lé, Màmá tí ara wọn kò le mọ́ ránṣẹ́ pe Alàgbà Ògúndípẹ̀ àti àwọn ará Mazamaza sí pálọ̀ kan náà. Wọ́n gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán. Wọ́n wá ní: “Ẹ jẹun lọ́jọ́ tí mo bí Tolú, ẹ tún jẹun lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé ọmọ méjì ni mo wá bí?”

Alàgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé kí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, kí ó parí ní oṣù Kìn-ín-ní. Ọdún méjèèjì ló wà lára ògiri báyìí. Ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, Tolú gbé mọ́tò dé ẹnu géètì bí ìṣe rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó pa iná ọkọ̀, ó di Màmá lápá mú, wọ́n jọ wọlé. Màmá wo àwọn ìjókòó yí ká, wọ́n sì bi Wùnmí, ẹ̀gbọ́n Tolú, léèrè ta ló kù níta. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Màmá sùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2026, lẹ́yìn tí ayẹyẹ ti parí. Ó dùn wá, a kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ara tù wá pé àdúrà wọn gbà. Wọ́n fi Wùnmí, Ajíbọ́lá àti Tolú sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ, àbúrò, ìjọ tó ti padà di ọ̀kan, àti Alhaja Rùkáyátù tí yóò tún ṣe àmín lónìí.

Tolú ni yóò gbé Màmá gba ẹnu géètì yẹn kọjá lónìí, kò sì ní yí padà.

Sùn re o, Àjọkẹ́. Kò ku ẹnì kankan níta mọ́.