Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ajá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Mo gbà pé ara rẹ le, pé o ń rí oorun sùn, àti pé iṣẹ́ tó gbé ọ jìnnà sí wa yìí kò tíì sọ ọ́ di eegun lásán. Ara tèmi yá, àyàfi orúnkún ọ̀tún tó ti fi ara rẹ̀ jẹ olóyè nínú ilé yìí: bí òun kò bá tíì ṣe tán, n kò gbọdọ̀ dìde. Ara ìyá rẹ le ju tèmi lọ, ó sì ń rán mi létí lójoojúmọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ojú rẹ máa wá. Jẹ́-n-sinmi, ajá rẹ, wà láàyè, ó ń jẹun, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí ló dùbúlẹ̀ sí, ó gbé àgbọ̀n lé mi lẹ́sẹ̀. Mo fi í síwájú kí o má baà sáré ka ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló pé ìgbà kẹrìnlá tí fóònù wa kò dún ní aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo ní kó má dún. N kò gbàgbé bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní, “Má pè mọ́. Ohùn rẹ ló ń dá ajá yìí wó.” Ìwọ ní, “Ṣé ohùn mi ti wá di àrùn ni, Bàbá?” Mo fèsì pé ohun tí ìwé sọ ni mo sọ. O sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ nìkan lò ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Bí mo bá bi í pé kí lo wí, á ní o ní kí òun bá ọ kí gbogbo ilé. Èmi náà wà nínú gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbà á.

Ìwé tí mo tọ́ka sí lọ́jọ́ náà, o kò rí i rí, nítorí náà ó yẹ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gìrì kọ́kọ́ mú ajá rẹ, ilé ìdáná ló wà. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀ sára. Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ ló fẹ́ gbé mì, mo bá ki ìpọnṣẹ́ onígi bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gé ìpọnṣẹ́ náà jẹ, ó sì fi àtàǹpàkò mi ṣe ìpápánu.

Dókítà ẹran wo àtàǹpàkò kó tó wo ajá. Obìnrin ni, kò tíì tó ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń bá àgbà wí láìsọ̀rọ̀ sókè. Ó ní, “Bàbá, ajá kì í gbé ahọ́n mì. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ kó àga kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ pa rédíò, kí ẹ wo aago. Tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbé e bọ̀.” Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó tún ṣubú lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní wárápá ni, pé bí wọ́n ṣe bí àwọn ajá kan nìyẹn, ó sì fún un ní oògùn, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀ lé e ni mo gbé sórí bí ẹrù. Ó ní àrùn náà ń sùn nínú ajá, ohun tó ń jí i ni ká máa wá. Ó dárúkọ wọn: àrá, ooru, ìbẹ̀rù, ayọ̀ àpọ̀jù, àlejò, àìsùn, òórùn oògùn ẹ̀fọn, ṣokoléètì, àti oògùn tí a kò fún un lásìkò. Ó tẹnu mọ́ èyí tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti ń mi orí kó tó parí rẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí a kò ní rí ohunkóhun. Síbẹ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀.

O mọ̀ mí. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka ìwọ̀n nílé iṣẹ́ omi, kí wọ́n tún wá ní kó máa kọ nǹkan sílẹ̀! Mo ra ìwé ńlá, mo fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, ojú ọjọ́, oúnjẹ, àlejò, ariwo, òórùn, fóònù. Nígbà tí aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa sọ pé òṣùpá ló ń fa gbogbo rẹ̀, mo ní ìsọkúsọ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo fa ìlà kan sí i fún òṣùpá. Kí o lè mọ̀, òṣùpá kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kọ gìrì sílẹ̀. Méje nínú rẹ̀ bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo wo ìlà fóònù, mo rí ìpè rẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú méjèèje. Mo sì rántí bó ṣe máa ń ṣe tí a bá ti gbé ohùn rẹ síta: á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á wá máa gbóòórùn bàtà rẹ àtijọ́. Ayọ̀ àpọ̀jù, mo ní, ó tán. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Bí mo ṣe pè ọ́, tí mo sọ ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko, gìrì kò mú un. Mo sọ fún dókítà, mo sọ fún aránṣọ, ẹni tó wá ka mítà iná náà gbọ́ tirẹ̀. Ìyá rẹ ní tirẹ̀, tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, á mú fóònù, á fi etí aṣọ nù ún, á sì gbé e padà síbi tó wà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejìlá, páìpù abẹ́ síńkì bẹ́. A pe ẹni tó ń tún un ṣe. Èmi tí mo lo ayé mi nílé iṣẹ́ omi, ṣé mo lè jókòó sí pálọ̀ kí ẹlòmíràn máa tú páìpù nílé mi? Mo bẹ́rẹ̀ tì í láti aago márùn-ún títí aago mẹ́jọ fi kọjá, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un, mo ń fún un ní ìmọ̀ràn tí kò bèèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Jẹ́-n-sinmi wó lulẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Mo ṣí ìwé, mo dé ìlà fóònù, mo kọ pé “kò sí.” Mo wá jókòó, mo ń wo ohun tí mo kọ.

Ìyá rẹ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nu ilẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá ọmọ, aago mélòó lẹ fún un lóògùn lálẹ́ àná?”

Mo ṣí ìwé padà. Mo ní kò sí níbẹ̀.

“Ẹ kọ òṣùpá, ẹ ò kọ oògùn?”

Èsì kan ṣoṣo tí mo ní títí di òní nìyí: níbi iṣẹ́ wa, ìwọ̀n omi là ń kọ, a kì í kọ ìwà ẹni tó ń kà á. Oògùn jẹ́ iṣẹ́ tèmi, mo sì mọ̀ pé mo máa ń ṣe iṣẹ́ mi, nítorí náà kí ni mo fẹ́ fa ìlà fún? Aago orí pẹpẹ ilé ìdáná máa ń dún ní méje láti rán mi létí oògùn alẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n pa á, ó ń di ẹni tó ń tú páìpù lọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó máa ń dún nígbà tí ìwọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo sì ń pa á, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Tí a bá ti sọ ọ́ tán, a ti lé ní aago mẹ́jọ, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo ti fún un.

Ẹ̀rí wà. Ọgọ́ta ẹyọ oògùn ni wọ́n ń kà sínú ìgò fún ọgbọ̀n ọjọ́. Láyé ìgbà tí o ń pè, ó máa ń ṣẹ́kù ẹyọ kan tàbí méjì bí oṣù bá parí. Mo rò pé olóògùn ló ń fi ènì sí i fún wa, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wò mí bákan. Mo kó wọn sínú ife kékeré kan. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì náà: mẹ́fà. Ọjọ́ Ajé méje, ẹyọ oògùn mẹ́fà. Èyí tó kù, mo gbà pé mo fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí o fi dákẹ́, kò sí ènì kankan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo gbé ìwé àti ife náà tọ dókítà lọ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní wákàtí méjìlá ni kó máa wà láàárín oògùn kan àti èkejì, àti pé bí mo bá gbàgbé, kí n pe òun, kí n má fún un ní méjì pọ̀ láti dí i. Mo bi í bóyá ohùn rẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní, “Mi ò lè búra, Bàbá. Ayọ̀ lè lọ́wọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kọ́ ló gbàgbé oògùn.” Ó ní gìrì ṣì lè mú un bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Méjì ṣì wà nínú ìwé mi tí n kò rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ mi, ó dùn mí. Wọ́n ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bí àbíkẹ́yìn tó lágídí bíi tìrẹ. Mo bẹ̀ ọ́. Mo mú ẹ̀bi mi, mo dì í rù ọ́, mo tún fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ti máa ń dúró de ìpè rẹ. Bó bá ti dé, n kì í gbọ́ aago mọ́. Ayọ̀ àpọ̀jù tí mo kọ sọ́rùn ajá, tèmi ni.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Kí àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́ mọ iyì rẹ. Ibi tí ọwọ́ wa kò tó ọ, kí ọwọ́ rere tó ọ níbẹ̀. O ò ní ṣàárẹ̀, o ò ní ṣìnà, a ó sì fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó bí ọ kẹ́yìn.

Àfikún: Ìyá rẹ ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, òun ló ń kọ ti oògùn báyìí, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Dókítà ti bá wa sún ti alẹ́ sí aago mẹ́fà. Nítorí náà, bó bá fi máa di méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Àìkú, ajá ti lo oògùn rẹ̀. Bí o kò bá tíì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bá ajá rẹ sọ̀rọ̀. Màá di fóònù mú sí i létí, mi ò ní sọ nǹkan kan.