Àwọn Obìnrin Tí Mo Bá Lu Evelio

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo ti dé erékùṣù Cayo Pelón. Wákàtí mẹ́fà lójú omi láti Bluefields, ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń là á mọ́lẹ̀. Ọkùnrin méjì jà nítorí ìjókòó tí omi kì í ta sí. Ọ̀kan fi orí kan èkejì nímú. Ẹ̀jẹ̀ ta sí àpò ẹ̀yìn mi. Awakọ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ yáa parí ẹ̀ kíá. Ẹni tó bá já sómi, mi ò ní ṣẹ́rí padà o."

Ilé àlejò kan ṣoṣo ni apá mi ká: ti Mama Idalee. Opó ni. Ó lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó ga, apá rẹ̀ ki ju ti bàbá mi lọ. Ó fún mi ní ibùsùn àwọ̀n lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ́fútù. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní alápatà ni wá ní Juigalpa, bàbá mi kú ní oṣù Kejìlá, mo ti ìsọ̀ pa, mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn – mo fẹ́ rí ibi tí kò sí màlúù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Kò sí màlúù níbí lóòótọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹ á ká a?"

Mo ní á ká a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Mo jà lónìí. Èmi! – Ọmọ Mama Idalee ni mo bá jà, Vetty. Ó jókòó sórí èbúté onípákó, ó ń fi hámà fọ́ ìgbín òkun, ó ń fa ẹran inú rẹ̀ yọ. Mo ya fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ó dìde, ó gbá mi létí. Mo tì í sómi. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, a jọ já sínú rẹ̀. A fa ara wa nírun, a mu omi iyọ̀ yó. Nígbà tí a fi máa gorí pákó padà, ẹ̀rín ló ń pa wá. Ó ní, "Àwọn tó ń gbé àpò kiri, tí mo bá gbá wọn báyìí, ẹkún ni wọ́n máa ń sun. Ìwọ, ojú ẹ le. Azalia lo pera ẹ? Wá jẹun."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, bíi tèmi. Mo ti sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Hámà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé Mama. Evelio lorúkọ ọkọ náà. Kì í ṣe ọmọ erékùṣù, ará Bluefields ni, ọkọ̀ onípákó ló ń kàn. Eyín wúrà kan. Kì í sọ̀rọ̀. Ó din ẹja, ó gbé e síwájú mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó bá dákẹ́ tó báyìí – mi ò mọ̀ o.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Mo pa ẹlẹ́dẹ̀ Mama. Ọ̀bẹ ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn obìnrin àdúgbò wá wòran, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ọ̀bẹ" ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Ọjọ́ kẹrin péré, mo dà bí ẹni tí wọ́n bí síbí. Ruthlyn oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì àgbọn gbígbóná wá fún Ọ̀bẹ. Mama fi òróró àgbọn pa orí mi, ó dì í, ó ń fa irun náà títí omi fi bọ́ lójú mi. "Jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́ báyìí." Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án, ariwo. Evelio ti ríṣẹ́ ní Bluefields, òun àti Vetty fẹ́ kó lọ lẹ́yìn Àjíǹde. Vetty ló sọ ọ́, nídìí àdògán. Mama gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ rondón, ó là á mọ́ ògiri. Ẹja, iṣu, wàrà àgbọn, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀, ó ń hó. "Ọkọ tí òkun gbé wá! Ọkọ tí kò ní baba! Òun ló máa kó ọmọ mi lọ? Ta ló máa sin mí?" Evelio fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbá ilẹ̀. Mo bá a ṣa ẹja. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìyá ń bínú nítorí ọmọ. Ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Ojú òsì Vetty ti wú pa. Ètè ti là. Kò lè gbé apá ọ̀tún, hámà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í, ó ní òun ṣubú lórí èbúté. – Iṣẹ́ ẹran ni mo ṣe dàgbà. Mo mọ ẹran tó ṣubú, mo mọ èyí tí wọ́n lù. Ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà léjìká rẹ̀, ó gùn bí etí pákó.

Mo wá Evelio lọ síbi tó ti ń kan ọkọ̀. Gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Mo ní kí ló ṣe ìka rẹ. Ó ní, "Má dá sí i, àlejò. Lọ máa lúwẹ̀ẹ́ tìẹ."

Mo sáré lọ bá Mama, mo ní Evelio ló lu Vetty, mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mama ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ìwọ rí i?"

Mo ní mo rí i, Mama.

"Ó dáa. Lọ sọ fún Ruthlyn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Mo lọ. Mo sọ fún Ruthlyn. Mo sọ fún àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò rán mi dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

A lù ú.

Ọ̀sán gangan. Obìnrin méje, èmi ni keje. Mama ló ṣáájú, àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Evelio bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ń kàn, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Àjẹ̀ bà á lẹ́yìn ọrùn. Ó dojú bolẹ̀, ó tu ìṣó pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. "Kí ni mo ṣe?" Ruthlyn ní, "Ìwọ ló ń bi wá?" Ó fi igi ìpo ìyẹ̀fun gbá a lẹ́nu. Eyín wúrà ṣì wà níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló já.

Kò lu ẹnikẹ́ni. Ó lágbára tó láti kó gbogbo wa dànù. Ó fi apá bo orí, ó ń pariwo, "Ẹ bi í! Ẹ bi Vetty fúnra ẹ̀!" Vetty sáré dé, ó ń ké, ẹni méjì dì í mú. A rò pé ìbẹ̀rù ọkọ ló ń mú un ké.

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí. Nígbà tó ti ṣubú, tí kò janpata mọ́, mo mú pákó kan. Mo mọ ibi tí eegun ti pàdé eegun. Orúnkún òsì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ró bí ìgbà tí a bá ń ya itan màlúù. Ó sì dùn mọ́ mi. Mama ló wá di ọwọ́ mi mú: "Ó tó, Ọ̀bẹ. Ó ti tó."

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi mí sí ìjókòó iwájú. Mama gbàdúrà sókè, ó dúpẹ́ fún àlejò tí Ọlọ́run rán. Nọ́ọ̀sì erékùṣù ní orúnkún Evelio kò ní lè tẹ̀ mọ́ láé.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta

Vetty bá mi nídìí kànga. Kò gbóhùn sókè rárá. Ó ní, "Ìyá mi ni."

Kò yé mi.

"Ìyá mi ló lù mí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Láti kékeré ló ti ń lù mí. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àti òun sínú, Evelio fi ọwọ́ lásán fọ́ ilẹ̀kùn kó tó wọlé gbà mí. Ìka tó o rí nìyẹn."

Mo ní kí ló dé tí o ò sọ fún mi. Kí ló dé!

"Ìwọ? O bi mí lẹ́ẹ̀kan. Kó o tó délé o ti mọ gbogbo ẹ̀ tán. Ìyá mi ni, Azalia. Èèyàn á jókòó lórí èbúté, á máa sọ ìyá ẹ̀ fún àlejò ọjọ́ mẹ́rin?"

Mo lọ bá Mama Idalee ní ilé ìdáná. Mo ní ẹ̀yin lẹ lù ú. Kò sẹ́. Ó ń gé àlùbọ́sà.

"Ta ló sọ pé Evelio ni?" Ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣé èmi ni? Ìwọ lo sọ ọ́, ọmọ mi. Ẹnu ẹ ni gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ. Jókòó, jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Mi ò jẹun. Mo lọ sọ òótọ́ fún Ruthlyn. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Lọ sinmi. Ṣé ìwọ náà kọ́ lo lù ú jù?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Wọ́n ń gbé Evelio lọ sí ọsibítù Bluefields. Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Kò sí obìnrin kankan tó jáde. Nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ mú ìsàlẹ̀, Vetty fi apá kan ṣoṣo mú òkè. Mo bọ́ síbẹ̀, mo mú igun kejì. Vetty ò ní kí n fi í sílẹ̀. Evelio la ojú tó ṣì ń là, ó rí i pé èmi ni, ó yíjú sí òkun. Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Mo ní ẹ dárí jì mí. Ohùn mi ń lọ sínú ariwo ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a gbé e wọ ọkọ̀ tán, mo gbé àpò mi, mo fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Vetty gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi láyà. Kò tì mí. Ó kàn gbé e síbẹ̀.

"Ọkọ̀ ti kún."

Wọ́n lọ. Ìjókòó mẹ́ta ló ṣófo. Mo dúró lórí èbúté, mo ń wò wọ́n títí n kò fi rí wọn mọ́. Ọkọ̀ mìíràn di Ọjọ́ Àbámẹ́ta.