Eruku Ọyẹ́ Lẹ́yìn Ìsinmi Etí Òkun

Ọjọ́ Ajé, oṣù Kọkànlá, 2015. Wuye.

Ọyẹ́ ti dé ilé ṣáájú wa. Èmi ni mo ní ká ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí à ń lọ sí Badagry. Eruku bo àga, ó bo ibùsùn, ó bo Bíbélì pàápàá.

Ìyàwó mi gbé ìgbálẹ̀. Mo ní kó jókòó, ṣebí ibi ìsinmi la ti ń bọ̀.

"Ìsinmi wo, Bàbá Ṣọlá? Abẹ́ agboòrùn lẹ jókòó sí, tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn. Mo ní kẹ́ ẹ di ọwọ́ mi mú ká jọ wọ omi, ẹ ní àwọn èèyàn ń wò wá."

Òótọ́ ni. Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ni mo fi ń sọ fún un pé ìgbafẹ́ àwa méjèèjì di ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì. Mo fẹ̀yìn tì tán, mo tún ń ṣe ọ̀gá lórí iyanrìn!

Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì gbá pálọ̀ tán tí ọmọkùnrin ilé kejì fi wá kí wa káàbọ̀.

"Kai! Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń gbálẹ̀?"

Mo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, àmọ́ Ìyá Ṣọlá ti yọjú, ó ń wò mí.

"Èmi ni," ni mo fèsì. "Bọ́ bàtà ẹ síta jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ibẹ̀ yẹn ni."