Nígbà Tí Ọlọ́pàá Dìde Dúró Nínú Ọkọ̀

Ìyá mi, ṣé kí n bẹ̀ yín pé kí ẹ jókòó sílé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni, àbí kí n dákẹ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí yín, mo kí Bọ̀dá Bánkọ́lé ẹ̀gbọ́n mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí gbogbo ìjọ Àgùdà Molútẹ̀hìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn pa. Mo ń fi lẹ́tà yìí síta kí àwọn ọmọ Ìlàjẹ yòókù tó wà lẹ́yìn odi lè kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan.

Ẹja ni mo ṣì ń dì sínú páálí níbi iṣẹ́. Bí mo bá fi máa dé ilé nínú yìnyín, ìka mi kì í lè tú bọ́tìnì mọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Ìwé ni alábàágbé mi. Owó díẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi ṣe ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ̀dá ló pè mí. Ó ní ìjọba fẹ́ kí gbogbo ìlú kó kúrò nítorí èbúté tí wọ́n fẹ́ kọ́, wọn kò sì fi ibì kankan hàn yín tí ẹ ó kó lọ. Nígbà tí Fadá sọ èyí nínú ìwàásù, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá kó èèyàn jọ, ọ̀tá orílẹ̀-èdè ni. Ẹ̀yin bá so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ lójú omi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó nínú ọ̀kan, Fadá sì bẹ̀rẹ̀ Mísà níbẹ̀. Ẹ so àsíá Nàìjíríà mọ́ ọ̀pá tí ẹ fi ń ti ọkọ̀. Orílẹ̀-èdè ni ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà fún.

Ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá ní ẹ̀yin gan-an lẹ dá orin orílẹ̀-èdè sílẹ̀ tí gbogbo ìjọ gbà á. Ọlọ́pàá wo ni yóò na ẹni tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè? Àwọn ọlọ́pàá dìde, wọ́n dúró ṣánṣán. Bí orin bá parí tí wọ́n bá fẹ́ mira, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ará òkè tí kò gbé orí omi rí ni wọ́n, wọn kò mọ̀ pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ kì í dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ká má tilẹ̀ sọ pé ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ fì. Ìbọn kan bọ́ sómi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdékùnrin lásán, ń ké pe ìyá rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ bá na ọwọ́, wọ́n di etí ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá mú, wọn kò sì dá orin dúró. Wọ́n ní Ìyá Sísílíà aládùúgbò wa ń bú wọn láàárín orin pé kí wọ́n fi ìdí lélẹ̀, ṣé wọ́n rò pé omi mọ yunifọ́ọ̀mù ni.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá sọ ìyókù: ọ̀gá wọn dúpẹ́, àmọ́ ó ní àṣẹ ti wá láti òkè, bí ẹ bá tún péjọ, wọn yóò kó yín. Bọ̀dá fẹ́ gbé yín wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Máhìntẹ̀dó. Ó ní kí n bá yín sọ̀rọ̀, torí ẹ máa ń gbọ́ tèmi.

Ìyá mi, mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn tó fi àdúrà dojú kọ ìjọba. Àwọn kan borí. Àwọn mìíràn, a kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Kò dá mi lójú pé Ọlọ́run ń gbọ́. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá àdúrà ni orin yẹn, àbí ọgbọ́n. Nígbà tí mo bi yín lórí fóònù pé kí ló dé tí ẹ fi ń gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè tó tilẹ̀kùn mọ́ yín síta, ẹ bi mí pé ọjọ́ tí mo gé ọmú yín jẹ, ṣé ẹ sọ mí sómi ni.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni àwọn ọwọ́ tó di ọkọ̀ ọlọ́pàá mú. Ẹni tó wá lé yín, ẹ kò jẹ́ kó rì. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìsìn, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ jókòó sílé. Mo ti pe Bọ̀dá padà, mo ní kó má wá gbé yín, kó wá tu ọkọ̀ yín lọ sí Mísà. Ó pòṣé. Ó ní ó rọrùn fún mi láti fi orí ìyá wa ṣe akọni láti ọ̀nà jíjìn. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Síbẹ̀, kó tó pa fóònù, ó bi mí pé aago mélòó ni Mísà ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa, tí ẹ mọ̀ jù mí lọ, dáàbò bò ẹ̀yin méjèèjì. Kí omi má gbé yín, kí àgọ́ ọlọ́pàá má gbà yín lálejò. Ẹ bá mi kí Fadá, ẹ kí Ìyá Sísílíà, ẹ kí gbogbo ìjọ. Ilẹ̀ ti mọ́ níbí, mo ti pa fìtílà orí tábìlì.

Ọmọ yín,
Fẹ́mi