Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ara Mi Lé Ààrò Ìjọba Lọ

Ọmọ mi àtàtà, ìwọ tó o kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Ṣé ara le? Ṣé ìlú ńlá ń tọ́jú ẹ? Ilé ń kí ẹ, ọ̀nà ń kí ẹ, kódà ewúrẹ́ tó jẹ bàtà rẹ lọ́jọ́sí ń kí ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ibi tó o bá yà sí, ire ni wàá bá níbẹ̀. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ ààrò ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ààrò amọ̀ tí mo fi ń yan búrẹ́dì, èyí tó rán ẹ nílé-ìwé, ó ti lanu, aláǹgbá sì ti kó wọ ibẹ̀. Èéfín rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹyẹ tó bá fò kọjá ń wúkọ́. Bó bá wó, iṣẹ́ mi wó nìyẹn. La bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní irinṣẹ́, pé ààrò onírin ni tàwọn oníbúrẹ́dì. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ wa, mo gbálẹ̀ dè wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọmọ ọ́fíìsì kan dé, ó gbé síléètì kan tó ń tàn yanran dání. Ó ní òun fẹ́ fi ya fọ́tò mi, pé lójú ẹsẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ mínísítà. Ṣé kí n wá dúró gbagidi bí òpó níwájú mínísítà ni? Mo kúnlẹ̀ wọlẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, sà. Ó ní gèlè mi nìkan ni síléètì rí. Mo ní kò burú, gèlè tuntun ni.

Ó wá bi mí bóyá ọjà ń tà. Ìwọ náà wò ó, ta ní í la ẹnu ẹ̀ sọ fún àlejò pé ọjà ń tà? Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ní ọjà ò tà, gbogbo wa mọ̀ pé ó ń tà nìyẹn. Ẹni tó bá ní ó ń tà la máa ń gbàdúrà fún. Mo ní ọjà kẹ̀? A kàn ń ṣe é kí ọwọ́ má baà dilẹ̀ ni o. Àwọn oníbàárà sì tò dé títì lẹ́yìn mi. Ó bi mí léèrè èrè, mo ní èrè wo? Ó ní kí ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí dà lọ́jọ́ iwájú, mo ní Ọlọ́run ló mọ̀la. Ó mí kanlẹ̀, ó ń tẹ síléètì. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó ti jẹ ẹ́ tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ló bá yà sọ́dọ̀ Afọ́nnu, aládùúgbò wa tí búrẹ́dì rẹ̀ le débi tí káfíńtà fi ń fi í kan ìṣó. Afọ́nnu ní gbogbo ayé ló ń jẹ búrẹ́dì òun, pé láìpẹ́ ọkọ̀ òfurufú lòun á máa fi kó o.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ̀ ìjọba dé. Wọ́n sọ ààrò onírin kalẹ̀ fún Afọ́nnu, wọ́n sì gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì fún èmi, pé kí n má bọkàn jẹ́, ìjọba ò ní jẹ́ kí ebi pa àwọn aláìní. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí orúnkún rẹ̀ fi san. Mo sunkún díẹ̀, mo sì dúpẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì náà móoru gan-an. Adìyẹ Afọ́nnu ti ń yé sínú ààrò ọ̀hún báyìí.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní ààrò kan ṣẹ́kù, wọ́n ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu níwájú dígí, ojú ń tì mí. Ọmọ mi, wá sílé wá bá mi ṣe é. Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé ọ̀gá àgbà ni ẹ́ níbi iṣẹ́, tí mo sì ń gbọ́ ẹnì kan tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ pé kó o yára wá gbálẹ̀. Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Irú ẹnu yẹn gan-an la nílò. Tèmi ò tilẹ̀ ní jẹ́ irọ́, ìwọ ṣáà sọ òtítọ́ náà sókè bó o ṣe ń sọ tìrẹ.

Bó o bá ń bọ̀, mú owó ìyẹ̀fun díẹ̀ dání. Bí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́nà, ní o ò ní nǹkan kan.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ṣẹ. Wàá di ọ̀gá àgbà lóòótọ́, ẹlòmíì ni yóò sì máa gbálẹ̀ fún ẹ.

Èmi ìyá rẹ,
aláìní oníbùláńkẹ́ẹ̀tì méjì.