Ẹ̀gẹ́ Tí Wọ́n Bó Níwájú Ilé Wa

                                        Ilé Ìyá Ṣògo,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Osi,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1998.

Ọmọ́níkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni ilé, báwo sì ni àwọn ọmọ iléèwé rẹ? Ṣé ara Bàbá Ọpẹ́yẹmí ti yá tán, àbí ó ṣì ń fi ibà kẹ́ ara rẹ̀? Ọpẹ́yẹmí náà ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ẹ kú ọyẹ́ o, ó ti ń yọjú níbí. Èmi wà, mo ń jẹ, mo ń mu. Owó oṣù kò tètè dé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Mo ti di ará Osi tán, torí mo pe ilé ní "ulé" ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ sì fi mí rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìlọ́fà fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n máa lu ìyàwó ilé tàbí kí wọ́n máa fìyà jẹ ọmọbìnrin, o wá ní kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn ní Osi. O mọ̀ pé n kì í ṣe obìnrin ẹgbẹ́. Ayálégbé ni mí nílé Ìyá Ṣògo, olórí wọn, ohun tí mo rí ni mo máa sọ, n kò sì ní í bu iyọ̀ sí i.

Oníṣẹ́ gààrí ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n jọ ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n sì jọ ń yan án lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ọjà. Lọ́dún kan, ọkọ Keziah, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi igi dá a lápá. Ẹ̀gẹ́ Keziah wà nílẹ̀, ó fẹ́ bàjẹ́, ni Ìyá Ṣògo bá ní kí gbogbo wọn lọ bá a bó o níwájú ilé ọkọ rẹ̀. Wọn kò bú ọkùnrin náà, wọn kò kọrin, wọ́n ṣáà ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá á kí wọn kú iṣẹ́, á béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibí. Wọ́n á ní ẹ̀gẹ́ Keziah ni, apá rẹ̀ ló dá. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, èèpo ti ga lẹ́nu ọ̀nà, ojú ti ti ọkùnrin náà débi pé ó jáde wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá lù, iwájú ilé ọkọ náà ni gbogbo wọn, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, yóò ti bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n ṣe é fún ọmọ kíláàsì mi kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ yọ kúrò níléèwé fi fún ọkọ, ọmọ náà sì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ dòní. Òfin wọn kò pọ̀. Ìyá Ṣògo ni yóò kọ́kọ́ fọ̀bẹ kan ẹ̀gẹ́, bí kò bá sì bó tirẹ̀, kò sí ìjókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Tó bá bẹ̀bẹ̀ tán, òun ni yóò gbá èèpo.

Ṣògo ni àkọ́bí Ìyá Ṣògo. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ọmọlúàbí ni lójú, a sì máa kí èèyàn dáadáa. Ògiri kan ló pín yàrá rẹ̀ àti tèmi níyà. Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú Moróhunfọ́lá ìyàwó rẹ̀ wú, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ọmọ́níkẹ́, kọ́tìnì ni ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Ìyá Ṣògo rí ojú náà. Ó pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ó bá a wí, ó ra aṣọ fún ìyàwó, ó sì ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Ó ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Kò pẹ́ tí mo tún gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, eyín kan ló kúrò lẹ́nu Moróhunfọ́lá.

Badirat, igbákejì wọn, ló sọ bí ó ṣe lọ lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ kejì fún mi. Ìyá Ṣògo bó ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́, ó jù ú sínú omi. Ẹnikẹ́ni kò bó ìkejì. Gbogbo wọn gbé ọ̀bẹ lé itan. Ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Keziah ló dáhùn: "Yèyé, ulé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Badirat ní ìyá náà dìde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ ru ẹ̀gẹ́ náà."

Ìgbà tí mo ti iléèwé dé, mo bá wọn níwájú ilé pẹ̀lú abọ́ àti agbọ̀n. Ìyá Ṣògo kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Moróhunfọ́lá jókòó tì í, ó gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Mo wọlé, mo jókòó sójú fèrèsé. Mo gbé ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì kalẹ̀, n kò ṣí ọ̀kan.

Ṣògo dé lórí ọ̀kadà. Ó kí wọn kú iṣẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ta lẹ tún fẹ́ dójú tì lónìí?" Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé èmi ni?" Ìyá rẹ̀ mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń kí àwọn obìnrin náà, wọ́n ń wo ilé, wọ́n sì ń lọ láìbéèrè. Nígbà tó jáde, iwájú ìyá rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí. Ìyá náà yẹ ẹsẹ̀ kúrò, ó ní, "Èmi kọ́ lo lù." Ó wá yí sí ìyàwó rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbá èèpo, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá Olóyèdé, olórí ẹbí wọn, wá bi Moróhunfọ́lá bóyá ó ti gbẹ̀bẹ̀. Ibí yìí ni ìyàwó máa ń ní òun ti gbà, tí oníkálukú á gbé abọ́ rẹ̀. Moróhunfọ́lá dìde. Ó ní òun gbẹ̀bẹ̀, òun sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ulé bàbá òun ní Òkè-Ọ̀pin ni òun ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú àṣà wọn. Àwọn ẹgbẹ́ gan-an kò fẹ́ràn rẹ̀. Badirat ní ọkùnrin tó ti dọ̀bálẹ̀ níta gbangba, kí ló tún kù? Àwọn àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í pàrọwà fún un, wọ́n ní kó wo ti ọmọ. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Ṣògo. Mo rò pé òun náà á bẹ̀ ẹ́, torí ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó sì ru àpótí Moróhunfọ́lá jáde. Ni èmi tí n kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé bá jáde, mo pọn ọmọ náà.

A dé gáréèjì. Awakọ̀ tó ń lọ sí Òkè-Ọ̀pin mọ ìyá náà dáadáa. Ó ní, "Ìyá, ṣé kò sí o, tí ẹ fi ń ru ẹrù ìyàwó ọmọ yín?"

Ìyá Ṣògo gbé àpótí náà sí búùtù. Ó ní, "Ọmọ mi nì yí. Ṣògo ni àna mi."

Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi pamọ́ fún ọ. Moróhunfọ́lá kò tíì padà wá, ìyá náà sì ń lọ wò ó lọ́jọọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Bá mi kí Bàbá Ọpẹ́yẹmí, kó má mu oògùn ibà tó kọjá ohun tí dókítà wí. Kí ìyá yín fún mi, kí o sì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọpẹ́yẹmí mú. Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín bá yan olórí, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ iye ọmọkùnrin tó bí.

Èmi ni tìrẹ láìyẹsẹ̀,
Àtinúkẹ́.