Ọwọ́ Tí Màmá Fi San Owó Ọkọ̀

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà sí àga ojú fèrèsé? Níbí, a dúpẹ́. Aṣọ àwọn èèyàn kún orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè mí.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti bá ọwọ́ ọ̀tún màmá wa jà, kò sí ohun tí wọ́n kórìíra tó ọkọ̀ èrò. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà nígbà náà, ọwọ́ òsì nìkan sì ni màmá lè fi nà án sí awakọ̀. Wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ ṣáá bí ẹni tó jalè. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ kan wo ọwọ́ òsì yẹn tó pòṣé, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ó tán. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn na ọwọ́ nílé ìwòsàn kìlọ̀ fún mi pé bí wọn ò bá wá mọ́, ọwọ́ náà á gan síbẹ̀ títí láé. N ò sọ fún yín, kí ẹ má baà sá wálé.

Àfi bí àwọn onímọ́tò ṣe ní àwọn ò gba owó ọwọ́ mọ́. Káàdì ni. Ẹni tó bá wọlé á fi kan ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀rọ á ké píì, ó parí. Mo ra ti màmá, mo ní ẹ̀rọ ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò sì lè pòṣé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà láti lọ.

Ní Ọjọ́rú, a wọ ọkọ̀. Màmá kí awakọ̀, obìnrin kan tó dé fìlà, wọ́n sì wo ẹ̀rọ náà títí. Ni wọ́n bá mú káàdì kúrò lọ́wọ́ òsì, wọ́n fi há àárín ìka ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n bá wọn ṣe é, pé èrò wà lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Bí ẹ̀rọ ni, bí èèyàn ni, ẹni tó ń gbé mi lọ ni mò ń sanwó fún. Mi ò ní fi òsì fún un mọ́."

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, màmá. A ò kánjú."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yẹn gbéra. Ojú mi ló ṣe. Ó ń gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbéra, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Mo ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ káàdì, kò sì já bọ́. Ẹ̀rọ ké píì. Ọlọ́run tóbi.

Ní báyìí, màmá ń wọ ọkọ̀ láìníbi tí wọ́n ń lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ làwọn ń kí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fa etí àwọn ọmọ fún mi díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fẹ́ yín rí,
Abẹ́rẹ́.

Ìlà wíwọ́ tí ẹ rí nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe àbàwọ́n o. Màmá ló fi ọwọ́ ọ̀tún kí yín.